Àwọ̀ Tí Iná Fi Sílẹ̀ Lára Ọ̀bẹ Mi

Ìyàwó alágbẹ̀dẹ ni mí, ní Kábà. Ọkọ mi rọ àdá àti ọkọ́ fún àwọn àgbẹ̀ tí n kò lè ka iye wọn, àwọn ará ìlú wa àti àwọn tó ń ti oko Bùnù wá. Fún èmi, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló rọ tó dé ọwọ́ mi, ọ̀bẹ náà sì wà lọ́dọ̀ mi dòní. Ó mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímú rẹ̀ ló ń mú mi sọ ìtàn rẹ̀. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni. Nígbà tí ó ṣì pé, ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà dàbí aṣọ tí a rì sínú aró. Bí ojú bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, aró yẹn á di elésè àlùkò, á di àwọ̀ oyin, nígbà tí ó bá sì fi máa dé ibi tó mú, á ti di àwọ̀ bẹẹrẹ gbígbẹ tí wọ́n fi ń bo ahéré. Àlejò tó bá rí i a máa rò pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀. Iná ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ògìdì ni mí. Ìyá mi ń rẹ aró, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró rẹ̀ ni mo sì ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àwọ̀. Bí ìyá mi bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, aṣọ náà kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ gbé jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wá kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú ẹni, díẹ̀díẹ̀, títí á fi di aró gidi. Èmi a máa jókòó tì í, n kì í fẹ́ ṣẹ́jú, kí aṣọ má baà yí nígbà tí ojú mi kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo di olùkọ́, wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kábà. Òjò ti mú kí koríko bo ọgbà ilé ìwé náà, àwọn àdá tí a ní sì ti kú. Olùkọ́ àgbà ní kí n kó wọn lọ sí àgbẹ̀dẹ kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà oko, lábẹ́ igi máńgòrò. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àbúrò ló ń yí ewìrì tó ń fẹ́ iná, èyí tí wọ́n fi rímù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ṣe, kò sì sí ẹni tó máa kọjá lójú ọ̀nà tí kò ní bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn tẹ́nọ̀ ló ń kọ níbẹ̀, ohùn tẹ́nọ̀ yẹn nìkan náà ló sì máa ń kùn sẹ́nu bó ti ń ṣiṣẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kì í dá orin náà mọ̀.

"Okun o," ni mo kí wọn.

"Okun, Tíṣà!" ni àbúrò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n kàn mi orí sí mi ni. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀.

Ọ̀bẹ kan ló wà lẹ́nu ẹ̀mú rẹ̀. Wọ́n ti mú un pọ́n nínú iná, wọ́n ti rì í bọ inú àdín kí ó lè le, lẹ́yìn náà wọ́n fi òkúta àti sánpépà họ ọ́ títí ó fi ń dán. Ó wá gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà lé orí irin gbọọrọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú èédú jáde, tó pọ́n yòò.

"Irin tó bá le jù, ńṣe ló máa ń kán," ni àbúrò ń ṣàlàyé fún mi, bí ẹni pé mo bi í. "Ooru díẹ̀ yìí ló máa ń tù ú nínú."

Ojú mi ti kúrò lára rẹ̀, nítorí àwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára irin náà. Láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló ti ń bọ̀. Àwọ̀ bẹẹrẹ ló ṣáájú, àwọ̀ oyin tẹ̀ lé e, elésè àlùkò ń lé àwọ̀ oyin lọ, aró sì ń lé gbogbo wọn. Wọ́n ń tò bọ̀ wá síbi ojú ọ̀bẹ bí ìgbà tí omi bá ń rin ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ń ṣe mí bíi pé mo tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìyá mi. Bí àwọ̀ bẹẹrẹ ti kan etí ọ̀bẹ báyìí, ẹ̀gbọ́n gbé e kúrò, ó tì í bọ omi. Irin náà dún ṣìì. Ó nù ún, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì na ọwọ́ sí sánpépà.

"Ẹ dúró!" Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. "Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Ìgbà yẹn ló tó wò mí dáadáa. "Mo fẹ́ họ ọ́ mọ́ ni."

"Ẹ fẹ́ pa àwọ̀ yẹn rẹ́?"

"Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ó jọ ọ̀bẹ tí wọ́n yọ nínú ilé tó jóná."

"Èmi fẹ́ ẹ."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tí Tíṣà wí? Ó ní òun fẹ́ ẹ!"

Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé láti béèrè ọjọ́ tí àdá wa máa jáde. Ọ̀bẹ ni mo ní lọ́kàn. Àmọ́ nígbà tí mo fi máa dé ilé ìwé, n kò mọ̀ mọ́ bóyá ọ̀bẹ náà nìkan ni.

Ọ̀bẹ tí a wí yìí, ẹlòmíràn ló ni ín, wọ́n sì họ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wá kí mi ní yàrá tí mo gbà. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e, nítorí ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi. Àbúrò sọ̀rọ̀ oko, ó sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ̀rọ̀ ọ̀nà Lọ́kọ́ja tó ti bàjẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu òun pàápàá, ẹ̀gbọ́n yọ nǹkan kan tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé, ó nà án sí mi. Ọ̀bẹ ni mo bá nínú rẹ̀. Irin sípíríǹ mọ́tò ló fi rọ ọ́, igi àpá ló fi ṣe èèkù rẹ̀, gbogbo àwọ̀ tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ló sì wà lára rẹ̀, wọ́n dọ́gba, wọ́n mọ́lẹ̀, bí ẹni pé ó fi ìka là wọ́n sílẹ̀.

"N kò họ ọ́," ló wí.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn.

A fẹ́ra. Mo kó wá sí ilé wọn, mo sì gbé ọ̀bẹ mi sínú àpótí aṣọ, láàárín ìró méjì tí ìyá mi rẹ fún mi. N kò fẹ́ kí ohunkóhun kàn án. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń yọ ọ́ wò lójú fèrèsé, mo sì máa ń dá a padà. Ọkọ mi ń wò mí. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fi ọ̀bẹ ọjà bẹ iṣu, ọ̀bẹ tí kò mú, tí mo ń jà gùdù gùdù pẹ̀lú rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ọ̀bẹ mi dà?"

"Ó wà nínú àpótí."

"Kí ló ń ṣe nínú àpótí?"

"N kò fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ lọ."

Ó padà síta. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ìgbà tó jẹun tán ló tó wí pé, "Ká ní ohun tí wàá máa wò ni mo fẹ́ fún ọ, ǹ bá ra àwòrán. Iṣẹ́ ni mo rọ nǹkan yẹn fún."

Ó dùn ún. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Ó dàbí ẹni tó gbé oúnjẹ fún àlejò tí àlejò sì ń yin àwo.

"Bí mo bá ń lò ó, ṣé àwọ̀ náà kò ní lọ?" ni mo bi í.

"Yóò lọ, bí o bá ń lò ó bí ẹni tí kò bìkítà. Gbé e wá."

Ọjọ́ yẹn ló kọ́ mi. Ó ní àwọ̀ náà kò wọ inú irin lọ rárá, pé orí irin ló dúró lé bí èémí tó bo dígí, kò sì nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohunkóhun tó bá kan lẹ́nu, tó sì ń jẹ irin, ni ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà, ọsàn kò gbọ́dọ̀ kàn án, tòmátì kò gbọ́dọ̀ kàn án, ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò sì gbọ́dọ̀ kàn án. N kò gbọ́dọ̀ fi iyanrìn tàbí eérú fọ̀ ọ́. N kò gbọ́dọ̀ fi kànìnkàn onírin sún mọ́ ọn. Bí mo bá ti gé nǹkan tán, kí n fi aṣọ rírọ̀ tó lómi nù ún, kí n sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, kí n má sọ ọ́ sínú abọ́ omi pẹ̀lú àwo yòókù. Nígbà tó yá, ó gba ìda oyin lọ́wọ́ ọkùnrin Bùnù kan tó ń fi oyin san oore àdá. Ó yọ́ ọ pọ̀ mọ́ òrí díẹ̀, ó dà á sínú agolo kékeré. Mo máa ń gbé ọ̀bẹ náà sójú oòrùn kí ó lọ́ wọ́rọ́, n óò fi ìka mú ìda náà, n óò fi pa á láti èèkù dé ṣóńṣó, n óò sì fi aṣọ nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò. Bí ó bá fẹ́ pọ́n ọn fún mi, etí rẹ̀ nìkan ló máa ń fi kan òkúta, kò ní jẹ́ kí òkúta gun àwọ̀.

Báyìí ni ọ̀bẹ méjì ṣe wà ní ilé ìdáná wa. Ọ̀bẹ ọjà ni ti ọsàn àti ata. Ọ̀bẹ tèmi ni ti iṣu, ti ẹran, ti ẹ̀fọ́ àti búrẹ́dì. Àwọn ọmọ wa dàgbà bá a. Bí ẹnìkan nínú wọn bá fẹ́ bó ọsàn, ó ní láti kọ́kọ́ kígbe láti ilé ìdáná pé, "Ti ọjà ni mo mú o!" kí n tó lè fọkàn balẹ̀. Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Bí àlejò bá sì yin ọ̀bẹ náà, ńṣe ló máa ń yí ojú sí ibòmíràn bí ẹni pé kì í ṣe òun ló rọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi yìn ín tán.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi gbé pọ̀. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ lọ sí Abuja àti Ìlọrin, ilé wá ku èmi àti òun. Nígbà náà ni àìsàn dé. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, àmọ́ àìsàn náà ti rìn jìnnà kí a tó mọ̀ pé ó wà. Níbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ní ọsàn ń wu òun. Mo jáde lọ ra ọsàn, mo sì mú ọ̀bẹ ọjà jáde nínú àpò mi láti bó o.

Ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ ti tóbi nítorí gbogbo ara ti gbẹ. "O kò mú ọ̀bẹ mi wá ni?"

"Mo mú un wá. Òun ni mo fi gé búrẹ́dì láàárọ̀."

"Kí ló dé tí kì í ṣe òun lo fi bó ọsàn fún mi?"

Mo gbé ọsàn náà dání, mo ń wò ó, n kò mọ̀ bóyá ó ń ṣeré. "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí ọsàn má kàn án."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, tí nọ́ọ̀sì fi yọjú wò wá. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. "Tíṣà," ló wí, nítorí orúkọ tí ó ń pè mí láti ọjọ́ àgbẹ̀dẹ nìyẹn, "ìwọ nìkan lo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ nílé ayé yìí." Ó mu ọsàn náà tán, gbogbo rẹ̀, òun tí kò jẹ nǹkan kan láti àná. Mo ṣì ń rí i bó ti ń fà á mu. Bí wọ́n bá ní kí n yan wákàtí kan tí n óò tún gbé, kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni n óò yàn.

A gbé e padà wálé, a sì sin ín sí Kábà.

Ilé kún. Àwọn ìyá ìjọ, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ará Ògìdì, gbogbo wọn ló dé. Wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ní kí n jókòó, mo sì jókòó lórí ẹní nínú yàrá, mo ń gbọ́ ariwo ìkòkò àti omi láti ẹ̀yìn ilé, mo ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá ń kí mi. Ìyá àgbà kan wà nínú ilé wa, tó ti dé ilé ọkọ ṣáájú gbogbo wa. Òun ló gba ilé ìdáná mi. Obìnrin tó mọ́ ni, tí kò lè rí àbàwọ́n kó fojú fò ó. Nígbà tí ọ̀pọ̀ èrò ti ń padà lọ, ó wọlé wá bá mi pẹ̀lú ohun kan tó fi aṣọ funfun wé.

"Mo rí ọ̀bẹ ọkọ rẹ," ló wí. "Ó ti dúdú, ó ti pọ́n, ó ti fẹ́ dógùn-ún. Mo ní kò yẹ kí ọ̀bẹ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ bàjẹ́ báyẹn. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, mo fi eérú àti kànìnkàn onírin bó o. Ó gbà mí lágbára o! Wò ó."

Ó tú aṣọ náà. Ọ̀bẹ mi funfun láti òkè délẹ̀. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà náà ń dúró dè mí. Ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, eérú sì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ti jókòó sórí àpótí ìdáná, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún yẹn, ó ti fi ìfẹ́ fọ iṣẹ́ ọkọ mi kúrò lára irin.

"Ẹ ṣé, Ìyá," ni mo wí. "Ẹ kú iṣẹ́. Olúwa á fún yín lókun."

Inú rẹ̀ dùn. Ó bá mi gbé e sínú àpótí. Nígbà tí ó jáde ni mo sunkún, ẹkún tí n kò rí sun létí sàréè. Gbogbo ẹni tó wà níta gbọ́ ọ, wọ́n sì ní, "Ẹ jẹ́ kó sun ún, ọkọ rẹ̀ ló ń rò." Òtítọ́ ni wọ́n sọ.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí ilé ti dá, mo gbé ọ̀bẹ náà lọ sójú fèrèsé, mo sì rí i pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ní ìdí rẹ̀, níbi tí irin ti wọ inú èèkù, kànìnkàn kò ráyè dé ibẹ̀ dáadáa. Àwọ̀ ṣẹ́kù síbẹ̀. Kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn pé: aró lókè, elésè àlùkò, oyin, bẹẹrẹ. Mo fi ìda oyin pa á. Mo ń fi pa á lójoojúmọ́, kódà nígbà tí kò nílò rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti lò ó. Bí mo bá sì wo apá tó funfun yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ń wo àyè ọkọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

Odindi àsìkò òjò kan kọjá báyìí. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, mo wé ọ̀bẹ náà, mo sì gba àgbẹ̀dẹ lọ. N kò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Àbúrò ọkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ti hu ewú. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá lójú ọ̀nà, kò sì gbé ojú sókè wò wọ́n.

"Okun o, ọkọ mi," ni mo kí i, nítorí bí a ti ń pe àbúrò ọkọ nìyẹn.

"Okun, ìyàwó." Ó dìde, ó ń wá ibi tí n óò jókòó sí. Gbòǹgbò igi tí ọkọ mi máa ń jókòó lé wà níbẹ̀, ni mo bá forí lé e. "Jọ̀ọ́," ló yára wí, "jókòó síbí." Ó fún mi ní àpótí tirẹ̀, òun sì dúró. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé wọ́n ti gbá eruku kúrò lára gbòǹgbò náà, pé wọ́n tẹ́ aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi sórí rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀.

Mo tú ọ̀bẹ náà. Ó gbà á, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló họ ọ́?"

"Àwọn tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀ ni. Wọn kò mọ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é."

"Ó mọ́." Ó yí i padà. "Ó mọ́ jù."

"Ṣé ẹ lè dá a padà?"

Ó fi ìka kan apá kékeré tó ṣẹ́kù yẹn, ó sì gbé ìka kúrò bí ẹni tí iná ta. "Bí mo bá gbé e lé irin gbígbóná, àwọ̀ á wá. Kò ní pa ọ̀bẹ lára, bí n kò bá ti jẹ́ kí ooru pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó lọ ló máa padà wá, ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n ló mọ ìgbà tó yẹ kó gbé e kúrò. Èmi, ewìrì ni mò ń yí." Ó mí kanlẹ̀. "Láti ìgbà tó ti lọ, bí mo bá ti tu irin nínú tán, mo máa ń họ àwọ̀ rẹ̀ kúrò kíákíá. N kì í lè wò ó."

Mo ti rò pé èmi nìkan ni. Èmi tí mò ń fi ìda oyin pa ibi tí kò tó èékánná lójoojúmọ́, n kò rántí pé ẹnìkan wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà tó ń gbá eruku lára gbòǹgbò igi.

"Ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó," ni mo wí.

Ó ní kò sí ẹni tí yóò yí ewìrì. Mo ní èmi ń kọ́? Ó fẹ́ kọ̀, ó wo ewú orí mi, ó wo ọwọ́ mi, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ ìda kúrò lára ọ̀bẹ, ó ní ọ̀rá kì í jẹ́ kí àwọ̀ dọ́gba. Ó wá po amọ̀, ó fi mọ ìdí ọ̀bẹ náà, ó sì fi àkísà tútù wé amọ̀ àti èèkù pọ̀, kí ooru má baà dé ibi tó ṣẹ́kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú u tó tún un wé. Èmi jókòó nídìí ewìrì, mo ń yí i, èédú ń pọ́n, eruku ọyẹ́ ń wọ̀ mí lójú. Ó fa irin gbọọrọ náà jáde, ó sì gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ lé e.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kò fi sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Bẹẹrẹ. Oyin. Mo fi ewìrì sílẹ̀, mo sún mọ́ ọn. Elésè àlùkò yọ, aró sì yọ tẹ̀ lé e. Mo rí i pé omi ti kún ojú àbúrò ọkọ mi, pé bóyá ni ó ń ríran.

"Ó tó!" ni mo ké.

Ó tì í bọ omi. Ṣìì. Ó tú àkísà, ó fọ amọ̀ kúrò, ó nu ọ̀bẹ náà, ó sì gbé e fún mi láì kọ́kọ́ wò ó fúnra rẹ̀.

Ibi tó ṣẹ́kù wà níbẹ̀, ohunkóhun kò ṣe é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ààlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, níbi tí omi kò ti jẹ́ kí ooru kọjá. Lẹ́yìn ààlà yẹn ni àwọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n wọn kò jọ ti àkọ́kọ́. Aró gba àyè púpọ̀, ó sì ń yọ́ sínú elésè àlùkò láì ní ìlà. Etí ọ̀bẹ kò dúró lórí bẹẹrẹ. Ó ti kọjá díẹ̀ sí oyin.

"Ẹ̀gbọ́n ì bá ti gbé e kúrò ṣáájú ìgbà yẹn," ni àbúrò ọkọ mi wí.

"Èmi ni mo pẹ́ kí n tó ké."

"Àwa méjèèjì la pẹ́."

Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí mi, ọ̀rọ̀ sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fi àdá tó bàjẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tí bàbá wọn kú. Ó sọ nípa ọ̀bẹ tèmi yìí, ohun tí n kò mọ̀ rí: pé ọkọ mi ti rọ àwọn mìíràn ṣáájú rẹ̀, tó sì jù wọ́n sẹ́yìn àgbẹ̀dẹ, nítorí àwọ̀ wọn kò dọ́gba tó. "Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ọ̀bẹ ni Tíṣà fẹ́, kì í ṣe aṣọ.' Ó ní kí n máa yí ewìrì mi." A rẹ́rìn-ín títí. Ẹnìkan tó ń ti oko bọ̀ kí wa lójú ọ̀nà, àbúrò ọkọ mi sì gbé orí sókè, ó bi í léèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe.

Mo ti ń lo ọ̀bẹ náà báyìí. Mo fi gé iṣu láàárọ̀ yìí, mo nù ún, mo sì gbé e sójú oòrùn kí n tó fi ìda pa á. Nígbà mìíràn, mo máa ń fi ọwọ́ bo apá tí èmi àti àbúrò ọkọ mi ṣe, kí n lè rí ti ọkọ mi nìkan. N kì í lè bò ó pẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù kéré, ojú mi sì ti ń ṣú.

Ilé wa kò jìnnà sí àgbẹ̀dẹ. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá gba ọ̀hún fẹ́ wá, mo máa ń gbọ́ bí ọmọ owú ti ń lu irin. Mo mọ̀ pé àbúrò ni, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ yá. Ti ẹ̀gbọ́n máa ń falẹ̀. Ó máa ń sinmi díẹ̀ lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí irin fẹ́ wí. Mo mọ̀ dáadáa pé kì í ṣe òun. Síbẹ̀, mo máa ń gbé iṣu sílẹ̀ lọ́wọ́, n óò sì dúró gbọ́ ọ títí yóò fi dákẹ́.